Páálí Ọdẹ́túndé

Ẹsẹ̀ tí bàbá mi fi jogún fún mi kì í ṣe ẹsẹ̀ kékeré.
Ó fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú, ó tín-ín-rín ní gìgísẹ̀
bí ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ.
Ọmọńdinrín rẹ̀ kò fẹ́ bá àwọn ẹ̀gbọ́n jókòó,
ó yà sọ́tọ̀, ó ń wo ìgbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn,
láti Awẹ́ dé Jobẹ̀lẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú kúlà lẹ́yìn mi,
ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì nínú àpò,
kí oòrùn tó mú àwọn ìyá ọlọ́mọ lórí ìlà.
Sálúbàtà yọ̀ lórí pẹ́dà ní òjò oṣù kẹfà,
irin bó mi ní ojúgun. Àpá rẹ̀ nìyí.
Nọ́ọ̀sì àgbà ní, “Mopélọ́lá, lọ ra bàtà gidi.”

Mo lọ sí Ṣábó. Mo lọ sí Àkẹ̀sán.
Mo tú òkìtì bàtà òkèèrè bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn:
èyí tó pupa, èyí tó ń dán,
èyí tí ìdè rẹ̀ ń ké fàà bí aṣọ tó ya,
gbogbo wọn ní imú ṣóńṣó bí imú asín.
Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, “Ẹ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, àǹtí. Á fẹ̀ fún yín.”
Mo mú méjìlélógójì, ó há.
Mo mú mẹ́rìnlélógójì: iwájú ṣì há,
ẹ̀yìn ń pàtẹ́wọ́ bí èrò ìpàdé òṣèlú.
Mo ra á náà. Ojú ló ń tì mí.
Mo rẹ ẹ́ sómi, mo ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, mo wọ̀ ọ́ sùn.
Kò fẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló fẹ̀ sí i: ó wú.
Ní òkè Fìdítì ọmọńdinrín mi kú, ó jí, ó tún kú.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ lásán ti kẹ̀kẹ́ wọ̀lú
bí ẹni tó ń da ẹran tó ń ṣàìsàn bọ̀ wálé.

Bí mo ṣe dé ìsọ̀ Mùdásírù nìyẹn, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
níbi tí òórùn awọ ti ń kí àlejò kí onílé tó kí i.
Tìmùtìmù ló mọ̀ ọ́n ṣe, àti àpò, àti àkọ̀ ọ̀bẹ.
Ó ní òun kò ṣe bàtà kẹ̀kẹ́ rí láyé òun.
Ó ní, “Gbé e síbí.” Mo gbé ẹsẹ̀ lé páálí.
Ó fi gègé yí i ká. Gègé rìn, ó rìn, ó rìn,
ó dé ibi ọmọńdinrín, ó yà bí odò tó rí àpáta.
Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.
“Ta ni bàbá rẹ?”
Mo ní Ọdẹ́túndé ni, tó ń pín lẹ́tà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
“Bàbá mi ló ń ṣe tirẹ̀.
Páálí rẹ̀ wà lókè àjà. Eku ti jẹ gìgísẹ̀ lọ.”

Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àkọ́kọ́ kò dára, n kò ní purọ́:
ojú ìrán rẹ̀ ń fá mi ní egungun àtàǹpàkò.
Ó tú u, ó ń kùn, ó tún un rán láti ìta.
Awọ ewúrẹ́ pupa lókè, táyà ọkọ̀ akẹ́rù nísàlẹ̀,
ó le débi pé pẹ́dà kò rí i jẹ.
Kò lẹ́wà. Àwọn ọmọ Awẹ́ ń pè é ní búrẹ́dì.

Àmọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lókè Fìdítì kan náà,
mo ń tẹ̀, mo ń tẹ̀,
mo gbàgbé pé mo lẹ́sẹ̀.
Oníkálukú ìka tẹ́ ẹní tirẹ̀, wọ́n nà gbalaja.
Ọmọńdinrín ṣì yà sọ́tọ̀. Ó láyè.

Mo ṣì jẹ Mùdásírù ní ẹgbẹ̀rún méjì.
Ó ní kí n má kánjú.
Ó ti kan páálí méjèèjì mọ́ ògiri, ti bàbá mi, tèmi.
Eku kò tíì dé ọ̀dọ̀ tèmi.