Ìrántí Kò Tó

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi ń jí láràárọ̀.
N ó tẹ bọ́tìnnì, n ó gbé omi kọfí kaná,
n ó jáde lọ kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà,
n ó wọlé, n ó gbọn bàtà,
ojú ẹ̀rọ á ṣì dúdú bí oṣù Kejìlá nílùú Kemi,
níbi tí oòrùn ti ń yọjú bí onígbèsè
tó tún ń yára padà sílé.

Outi pè mí láti Tampere:
"Bàbá, ẹ̀rọ yẹn ti gbó, ẹ ra tuntun.
Àwọn tó ṣe é ò ní tún un ṣe mọ́ tí oṣù Kẹwàá bá parí,
olè á gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé bá yín."
Mo ní mo gbọ́.
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Eetu ló dá mi lóhùn,
irùngbọ̀n rẹ̀ kò ju okùn méje lọ,
ẹnu rẹ̀ ń sáré ju ọjà tó ń tà lọ.
"Èyí ní ọkàn mẹ́jọ."
Mo ní ẹyọ kan ni tèmi, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́.
"Èyí á ya àwòrán fún yín bí ẹ bá sọ̀rọ̀ sí i."
Mo ní n kò ní àwòrán tí mo fẹ́ yà.
"Èyí ń tàn lábẹ́: pupa, àwọ̀ ewé, aró."
Mo ní ṣé kí n máa fi wá ìbọ̀sẹ̀ ni?
Ẹgbẹ̀rún yúrò ó dín ẹyọ kan,
kí n sì tún máa san owó ètò ìkọ̀wé lóṣooṣù,
bí ẹni ń san owó ilé
fún lẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo:
ètò ìhunṣọ Hilkka ńkọ́,
èyí tó rà lọ́dún tí a kun ilé ní àwọ̀ ìyeyè,
tó fi ń to àgbọ̀nrín sára ìbọ̀wọ́,
ṣé yóò ṣí lórí tuntun yìí?
Eetu wo bébà, ó wo àjà.
"Kò ní ṣí. Àwọn tó ṣe é ti kógbá wọlé."
Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí:
"Ìrántí rẹ̀ ni kò tó. Ẹ jẹ́ ká fi kún un."

Ìrántí! Ọmọ yìí ò mọ ohun tó ń wí.
Mo ra igi ìrántí méjì, tí wọn kò ju ìka lọ,
mo ra àpótí ìpamọ́ tó fẹ́lẹ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ,
ogóje yúrò ó lé mẹ́rin.
Mo kó wọn sápò àyà, kí òtútù má mú wọn.

Lórí tábìlì ìdáná, mo tú ìdè mẹ́rin.
Outi ń wò mí lórí fóònù:
"Ẹ fọwọ́ kan irin ná. Ẹ má fipá tì í."
Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ akóyìnyín,
mo mọ ohun tí kò gba ipá.
Mo ṣí ọmọrí. Eruku.
Irun Mirri, ológbò wa tó kú.
Àti lọ́rùn fáànù, tó wé mọ́ ọn pinpin,
òwú pupa kan,
pupa ìbọ̀wọ́ tí Hilkka kò hun parí.

"Ẹ já a dànù, Bàbá, òun ló ń mú un gbóná."
Lẹ́yìn náà, òun náà dákẹ́.

Mo tú u, n kò já a.
Mo ti ìrántí bọ àyè rẹ̀: ó dún kẹ́,
ó tún dún kẹ́.
Mo yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì;
n ó máa ṣe ti báńkì lórí fóònù.
Olè tó bá fẹ́ gba fèrèsé, ògiri ni yóò bá.

Láàárọ̀ yìí mo tẹ bọ́tìnnì,
mo gbé omi kaná, mo nawọ́ sí ṣọ́bìrì.
Ẹ̀rọ ti jí.
Àgbọ̀nrín Hilkka ti tò lọ bẹẹrẹ lójú rẹ̀,
èyí tó gbẹ̀yìn kò tíì ní ìwo.
Omi kò tíì hó.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá tí mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ níta,
wọ́n ti dá a padà fún mi,
n kò sì mọ ibi tí n ó gbé e sí.
Mo jáde lọ kó yìnyín.
Yìnyín kankan ò bọ́ lóru àná.