Ìròyìn Ṣáájú Mi Délé

Mo ra egbòogi ikọ́ kan péré
lọ́wọ́ Akíndípẹ̀ oníkẹ́mísì, ní Ilé-Olújì níbí.
Mo sanwó, mo kí i, mo kọrí sílé.
Ẹsẹ̀ mi ò tíì kan àtẹ̀gùn
tí ìyá mi fi ké láti yàrá:
"Ikọ́ náà ńkọ́? Ṣé ó ti ń rọlẹ̀?"

Mi ò bèèrè ẹni tó sọ fún un mọ́.
Ẹni tó ń sá kòkó létí títì rí mi,
ó wí fún ẹni tó ń yan gààrí,
ẹni tó ń yan gààrí wí fún Ìyá Ọmọ́yẹlé,
ó parí.
Kí n tó gba iwájú ilé Lógbòsẹ̀rẹ́ kọjá
ikọ́ mi ti di ikọ́ ẹ̀gbẹ,
ikọ́ ẹ̀gbẹ ti di oyún oṣù mẹ́ta.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Àkúrẹ́,
nínú yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba.
Mo fẹ́ràn ibẹ̀, mi ò ní purọ́.
Mo gé irun mi mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó kú.
Mo sùn di ọ̀sán lọ́jọ́ Ìsinmi,
kò sí àlùfáà tó fi ọmọ ránṣẹ́ wá wò mí.
Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin,
awakọ̀ ń wo títì rẹ̀ lọ, ó fún mi ní ṣéńjì.
Níbí, bí omijé bá bọ́ lójú mi,
ènìyàn mẹ́ta á ti mọ ìdí rẹ̀
kí èmi fúnra mi tó mọ̀ ọ́n.

(Mo tún gé irun náà lọ́dún tó kọjá.
Baba Fèyíṣará ru odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wálé
wá bá wa kẹ́dùn.)

Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kan náà nìyẹn
tí ọkùnrin yàrá kejì kú sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
tó jẹ́ pé lọ́jọ́ Ẹtì ni òórùn wá túfọ̀ fún wa.
Ọdún mẹ́rin la jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan.
Orúkọ rẹ̀, ara bébà owó iná ni mo ti kà á.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó.
Àpò kòkó ni mo ń kà báyìí ní sítọ̀ bàbá mi:
ọgọ́ta, mọ́kànlélọ́gọ́ta,
eku ti jẹ ìdí eléyìí.
Iná ń wá nígbà tó bá rántí wa.
Bí aago méje alẹ́ bá ti lù,
ọkọ̀ Àkúrẹ́ di ọ̀la.

Lóṣù Ọ̀wàrà, ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀.
Òjò ń rọ̀, òkùnkùn ṣú biribiri.
Mo pariwo lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Ìyá Ọmọ́yẹlé ló kọ́kọ́ wọlé,
òun gan-an, ìyá oyún oṣù mẹ́ta,
ìró rẹ̀ dojú dé, tọ́ọ̀ṣì wà láàárín eyín rẹ̀.
Sámù ọlọ́kadà ti ta ìgbálẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ jí,
Akíndípẹ̀ fi síńgílẹ́ẹ̀tì ṣí ṣọ́ọ̀bù.
Ó kọ gbèsè náà sínú ìwé.
Títí di òní, kò tíì ka ìwé náà sí mi létí.
Èmi ti mo ti ṣépè fún ẹnu wọn látàárọ̀,
ẹnu náà ni mo bá dúró lóru.

Lẹ́tà iṣẹ́ kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi,
láti Àkúrẹ́, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Mi ò kà á sókè.
Lánàá, Sámù dúró níwájú sítọ̀:
"Ṣé ẹrù rẹ á gba orí ọ̀kadà,
àbí kí n bá ọ wá ọkọ̀?"

Mo sáré délé láti bi ìyá mi.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó ti fọ bàtà mi tó dára jù,
ó sá a sórí ògiri.