Ọ̀kẹ́ Kan, Ọ̀kẹ́ Méjì, Ọ̀kẹ́ Márùn-ún

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà ni wọ́n fi háyà ọkọ̀ mi.
“Bàbá, ẹ ṣáà bá wa dì í mú kó má mì,”
Ṣìfáwù ló wí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí mo mọ̀
nígbà tó ṣì ń ru garawa omi kọjá iwájú ilé wa.
Ọ̀sà Àjàṣẹ́ dákẹ́, ó tẹ́ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn.
Àwọn ọlọ́kàdá ń pariwo lórí afárá,
àwa ń ti ọ̀pá oníhò bọnú ẹrẹ̀.

Mo ti rò pé ẹja ni wọ́n ń wá.
Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ lásán,
dúdú, lẹ́yìn náà àwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà iyanrìn,
ìpele lórí ìpele bí aṣọ nínú àpótí arúgbó.
Ó fi èékánná tọ́ ibì kan: “Koríko ló wà níhìn-ín.”
Ó sún ọwọ́ sísàlẹ̀: “Ṣáájú ìyẹn, igbó kìjikìji.”
Ó sún un títí dé ìdí:
“Nígbà yìí, kò tíì sí ọ̀sà.
Àfonífojì ni, odò ń sáré gbabẹ̀ kọjá
lọ bá òkun tó ti sá jìnnà.”

Ta ló lé òkun?

Kò dá mi lóhùn. Ó tọrọ òkòtó lọ́wọ́ Sọ̀líù ọmọ-ọmọ mi,
ó ta á sórí pákó ọkọ̀.
Ó ń pòòyì, orí rẹ̀ sì ń rọ́ yípo
bí orí ẹni tó mu sódàbì láìjẹun.
“Ayé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá.
Ọ̀kẹ́ kan ọdún ó lé díẹ̀, kí orí náà tó yípo tán.
Ọ̀kẹ́ méjì, kí ìtẹ̀sí rẹ̀ tó pọ̀, kó tún tó dín.
Ọ̀kẹ́ márùn-ún, kí ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn ká
tó gùn bí ẹyin, kó tún padà ṣe roboto.”

Ọ̀kẹ́!
Ẹnu ìyá bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn,
àpò owó ẹyọ tí í tẹ ọrùn alágbára.
Àṣé ọdún náà ṣeé kó sínú rẹ̀.

Ó ní bí ooru àríwá bá rọ̀ jù,
yìnyín èṣí kò ní yọ́ kí tọdún yìí tó bọ́ lé e.
Omi òkun á gun orí òkè lọ sùn.
Bí oòrùn bá tún fara mọ́ àríwá nígbà ooru rẹ̀,
òkun á jí, á padà wálé;
òjò wa á tẹ̀ lé oòrùn,
á ré Ṣábẹ̀ kọjá, á ré Kándí kọjá, á wọ aṣálẹ̀.
Erinmi ti lúwẹ̀ẹ́ rí
níbi tí òùngbẹ ti ń pa ràkúnmí lónìí.

Òkòtó ti ṣubú. Sọ̀líù ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá a padà.

Mo ní: “Ooru tí kò jẹ́ ká sùn mọ́ yìí ńkọ́?
Ṣé òkòtó náà ni?”
“Rárá o. Òkòtó kì í yára báyẹn.”
Ó wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tó ń tu èéfín,
ó sì gbé ojú kúrò, bí ọmọ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.

Mo dé èbúté, n kò ka owó náà.
Ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi,
n kò mọ̀ ọdún wo ni.