Àtàǹpàkò Mi ní Kóòtù Ṣágámù

Wọ́n ní kí n na àtàǹpàkò sókè kí adájọ́ rí i.
Mo nà án.
Ogójì ọdún ni mo fi bó obì ní Sábó,
obì ti jẹ ilà ọwọ́ mi tán,
ó ku awọ pẹlẹbẹ, ó pọ́n bí ilẹ̀ oko.

Lọ́yà Ààrẹ ti awò ojú rẹ̀ sókè:
"Olúwa mi, àmì yìí ò lójú, kò nímú.
Ta ló lè búra pé ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́?"

Èmi ni. Ọjọ́ Ẹtì ni, òjò ń rọ̀,
èmi àti Ọ̀nàfúwà télọ̀ la jọ tẹ̀ ẹ́
lórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀, sínú ìwé tó ní
kí Ààrẹ sọ̀kalẹ̀ lórí àga, kó wá jíhìn.

Wọ́n pe Ọ̀nàfúwà lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo ní ó ti kú,
nígbà tẹ́ ẹ sún ẹjọ́ sí oṣù Ọ̀wàrà.
Lọ́yà rẹ́rìn-ín: "Ẹ ò rí i, òkú ń tẹ̀wé!"
Akọ̀wé fa ilà pupa.

Ẹni mẹ́rin péré ló kù kí iye wa má pé mọ́.
Adájọ́ wo aago,
ó ní ó tún di oṣù mẹ́ta sí i.
Mo wẹ̀yìn: Ṣówándé ń wúkọ́ lórí bẹ́ǹṣì,
ìyá Odùbẹ̀là ń táràrà wá ọ̀pá rẹ̀.

Ààrẹ ò yọjú rí. Kí ló fẹ́ wá ṣe?
Ikú ń bá a rojọ́,
kò sì gbowó.