Omi Ọjọ́ Keje

"Má bu omi sí i mọ́!"
Ohùn Ọ̀gá Fápohùndà nìyẹn, l'Ókèsà, n'Íléṣà,
kí oòrùn tó là dáadáa.
Sìmẹ́ńtì páànù kan, yanrìn méjì,
òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin.
Èmi ọmọ iṣẹ́, mo fẹ́ kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu
kí apá mi lè sinmi.
Ó fi ṣọ́bìrì tọ́ ọ wò, ó pòṣé:
"Èyí tó yá dà ni í yá là."

Yanrìn ọ̀hún ń dán.
Odò tí wọ́n ti ń wa wúrà la ti kó o.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa á lẹ́yọ lẹ́yọ.
"Dà á sí i, jàre. Wúrà ò gbé òrùlé."
A dà á bo irin mọ́lẹ̀.

Mo ṣe bí iṣẹ́ parí.
Ó gbé garawa lé mi lọ́wọ́:
"Láàárọ̀, lálẹ́, ọjọ́ méje.
Kì í ṣe gbígbẹ ló ń gbẹ, dídì ló ń dì.
Òùngbẹ ló ń pa á."
Omi tó fi dù mí lánàá,
òun ló ní kí n máa fi rọ ọ́ bí ọmọ tuntun!

Ogún ọdún. Ọ̀gá ti wọ káà ilẹ̀.
Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
mo dúró lórí dẹ́kì náà láìwọ bàtà,
mo ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá ibi tó là.
N kò rí i.
Mo tún ń wá wúrà mi.