Kò Tilẹ̀ Bi Mí

Aago márùn-ún ìdájí ní Ìperu, iná dé.
Mo ní kí n kàn fa àkọsílẹ̀ Ṣówándé wálẹ̀,
kí n wò ó ná.
Kọ̀ǹpútà ti lú u pọ̀ mọ́ tèmi,
bí ẹni da omi sí gàrí
tí n ò tíì ní kí wọ́n rẹ.

Ìwé ìdílé ni.
Lókè, mo kọ: Efúnyẹlá, ìyálé.
Nísàlẹ̀, Ṣówándé kọ: Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyálé.
Ìlà ò kan ìlà; kò sí ìjà, kò sí àmì pupa.

Àwọn tí ò kí ara wọn fún ọgbọ̀n ọdún,
tí ògiri amọ̀ kan ṣoṣo pín níyà!

Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì ìdápadà.
Iná lọ.
Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, nínú òkùnkùn kan náà.