Jogbo Orí Àpáta

Kì í hù ní ẹ̀yìnkùlé.
Yèyé Ìbídùn ní ilẹ̀ tó rọ̀ a máa kẹ́ ẹ bàjẹ́,
pé àfi inú ẹ̀là àpáta lókè Ògìdì,
níbi tí ètè òbúkọ pàápàá ti ń là lọ́wọ́ ọyẹ́,
ni jogbo ti ń kó oró ara rẹ̀ jọ.

Mo jẹ iyán àkọ́gùn ọdún yẹn
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òkèlè mẹ́rìnlá, mo kà á.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ikùn mi le bí agbè tó kún dé ọrùn,
mo ń gùfẹ̀ ẹyin tí n ò jẹ.

Yèyé kò bá mi wí.
Ó já ewé méje, ó gbo ó sínú omi tútù,
ó bu iyọ̀ bíńtín sí i.
Mo ti fi ṣúgà onígun kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.
Ó wò mí. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.
"Tu ọmọ àlè yẹn dànù.
Ohun tí ẹnu bá sọ ni inú ń gbọ́;
bí ẹnu bá purọ́, inú ò ní mọ ohun tí yóò ṣe."

Mo mu ún. Etí mi hó.
Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà,
èmi náà sì ti sáré gba ìdí àgbàdo lọ.

Ogójì ọdún ó dín díẹ̀.
Mo ti Lọ́kọ́ja dé lánàá; Yèyé ò jẹun láti ọjọ́ ọjà.
Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn oníhóró,
ó kó o sábẹ́ ìrọ̀rí.
"Òkun o, Yèyé."
"Òkun. Ìwọ olókèlè mẹ́rìnlá,
ṣé orúnkún rẹ ṣì ń gun òkè?"

Ó ń gùn ún, ṣùgbọ́n ó ń ráhùn.
Àpáta ò yàtọ̀; èmi ni mo wúwo.
Mo jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí páànù orí ilé wa nísàlẹ̀,
ó kéré bí ìdérí ìkòkò.
Mo já ewé kan, mo fi eyín kàn án:
ahọ́n mi rántí kí èmi tó rántí.

Méje ni mo gbo. Iyọ̀ bíńtín.
Yèyé gbé ife, ó mu ún kanlẹ̀,
kò fajú ro, kò ṣẹ́jú.
Ó yà mí lẹ́nu,
àfi ìgbà tí mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì:
ohun kan yọ gọngọ níbẹ̀, ó ní igun.

N ò sọ nǹkan kan.
Ó ní ebi ń pa òun díẹ̀.